Ẹ̀rọ Parọ́ ní Ilulissat

Èmi kọ́ ni mo wa bàálù náà.
Èmi ni mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ìka ti kú sínú ìbọ̀wọ́,
nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Èrò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ẹ̀rọ.
Ìyá arúgbó kan gbé àkàrà òyìnbó lé itan,
ti ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀,
láti Nuuk ló ti fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.
Nísàlẹ̀, òkè yìnyín ń léfòó lójú òkun,
wọ́n ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni lójú.

Aviaja ní kí wọ́n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.
Troels fa ọ̀pá wálẹ̀.
Iná aláwọ̀ ewé kan tàn. Ìkejì tàn.
Ẹ̀kẹta, ti ẹsẹ̀ òsì,
pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Ni aago ìdágìrì bá figbe ta:
ẹsẹ̀ ò sí! ẹsẹ̀ ò sí! ẹsẹ̀ ò sí!
Kò mí. Kò dánu dúró gbé itọ́ mì.
Ilẹ̀ sì ti sún mọ́ wọn débi pé
wọ́n ń rí àwọn ajá tí wọ́n so mẹ́yìn ìlú,
àwọn tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín,
wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń hu.

Aviaja ò bú aago, kò sì bẹ̀ ẹ́.
Ó ní, "À ń padà sókè,"
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.

Epo ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì.
Kùrukùru ń rá bọ̀ láti ojú òkun.
Troels ń ka ìwé ìlànà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀
(ìyàwó rẹ̀ lóyún ní Aalborg),
títí ó fi kan ìlà tó ní:
ṣí ìdérí kékeré tó wà nílẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí i, ó tẹ bọ́tìnì.
Ewé mẹ́ta.
Mẹ́ta! Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, nínú òkùnkùn,
bí ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò pè wá sí kóòtù.

Èwo lẹ ó gbà gbọ́,
èyí tó ń pariwo lójú, àbí èyí tó dákẹ́ nísàlẹ̀?
Wọ́n fò kọjá níwájú ilé-ìṣọ́.
Ujuut gbé awò sójú, ó ní,
"Mo rí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n nà.
Bóyá wọ́n ti tì, ojú mi ò lè mọ̀ ọ́n."
Olóòótọ́ èèyàn: ibi tí ojú rẹ̀ mọ lẹnu rẹ̀ mọ.

Wọ́n ní kí èrò tẹ orí ba.
Ìyá arúgbó tẹ tirẹ̀ ba, sórí àkàrà.

Aviaja fi táyà ọ̀tún kan ilẹ̀ ná,
ó dá òsì dúró lófuurufú,
ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.
Ẹsẹ̀ gbà á. Ẹsẹ̀ dúró.
Aago ṣì ń ké ẹsẹ̀ ò sí,
lórí ẹsẹ̀ náà gan-an.
Ẹ̀rọ parọ́; èrò ni wọ́n fi gba èrò là.

Omi dídì ni mo bá nínú sẹ́ńsọ̀,
kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yọ́.
Ohun tó gbé ìlú sókè nìyẹn.

Aviaja gbé kọfí wá bá mi.
Mo ní, "Bó bá tún ké lọ́la ńkọ́?"
Ó ní, "Màá tún padà sókè."
Ó ní bí òpùrọ́ bá ké pé ilé ń jó,
kí a lọ wo ilé ná,
èébú ò ní tán lọ́jà.

Ìyá náà ti fi àkàrà díẹ̀ ránṣẹ́,
ibi tí iwájú orí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú.
Irun funfun kan wà nínú rẹ̀.
A yọ ọ́. A jẹ ẹ́.